Ẹran inú ẹrẹ̀ etíkun Ìlàjẹ: asẹ́ wo, ẹ̀ẹ̀melòó ni ká bù, báwo la ṣe ń kà á?

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkúrẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ní FUTA dá lórí àwọn ẹran aláìléegun-ẹ̀yìn inú ẹrẹ̀, láti Ìgbòkòdá dé Ayétòrò: ìṣáwùrú, ekòló omi, akàn àti àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn. Ibùdó mẹ́ta ni mo fẹ́ mú. Grab van Veen, irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi okùn sọ kalẹ̀ láti bu ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ omi, tó ń bu 0.05 m² ló wà nílẹ̀. Ṣé asẹ́ 1 mm tó, àbí 0.5 mm? Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n bù? Èyí tó ń kọ mí lóminú jù: bí ẹran bá pọ̀ ní ibùdó kan ṣùgbọ́n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ irú kan ṣoṣo, ṣé mo lè kọ ọ́ pé omi ibẹ̀ ti bàjẹ́?

ỌmọMàhín:
0.5 mm ni. Ẹrẹ̀ etíkun Màhín kúnná bí ẹ̀kọ, á gba ojú asẹ́ yẹn kọjá wẹ́rẹ́. Asẹ́ 1 mm á jẹ́ kí àwọn ekòló tín-ín-rín bí òwú yọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló máa ń pọ̀ nínú ẹrẹ̀. Asẹ́ kan náà ni kí o lò ní ibùdó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iye wọn kò ṣe é fi wéra.

Bù ú lẹ́ẹ̀márùn-ún ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kéré jù. Má da márààrún pọ̀ sínú ike kan. Ẹran kì í tò sínú ẹrẹ̀ bí ebè: wọ́n á ṣù síhìn-ín, ọ̀hún á ṣófo, ìyàtọ̀ àárín wọn yẹn lo nílò.

Ẹnu grab ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Gbòǹgbò ẹ̀gbà tàbí ìkarahun á há a lẹ́nu. Kó tó dé òkè, omi á ti fọ ìdajì ẹrẹ̀ lọ. Tó bá ti ń jò, dà á nù, kí o tún bù. Ẹrẹ̀ tó rọ̀ jù náà a máa gbé grab mì. Bí ẹrẹ̀ bá ń tú jáde lókè ìdérí rẹ̀, ojú ilẹ̀ tí ẹran pọ̀ sí ti bọ́ nìyẹn. Yọ irin ìwúwo rẹ̀, kí o sì rọra sọ okùn kalẹ̀ tó bá ku mítà kan.

Ri asẹ́ sínú bàsíà omi, máa mì ín jẹ́jẹ́. Má fi omi alágbára lù ú, ekòló á gé. Èyí tó bá gé, orí nìkan là ń kà.

Ìyá_Láàbù:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti fọ́málìn, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran rà, kún un. Èyí tí wọ́n ń tà jẹ́ 37 sí 40%. Po ìwọ̀n kan mọ́ ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi òkun. Kọ́kọ́ da bọ́ráàsì sínú ògidì rẹ̀ títí díẹ̀ á fi sùn sí ìsàlẹ̀ láìyọ́, torí fọ́málìn a máa kan, kíkan yẹn á sì jẹ ìkarahun ìṣáwùrú kéékèèké títí wọn ò fi ní ṣe é dá mọ̀. Sáńpù, ìyẹn ohun tó kù lórí asẹ́, kò gbọdọ̀ kọjá ìdajì ike. Bó bá kún ju bẹ́ẹ̀ lọ, àárín rẹ̀ á rà. Ìbọ̀wọ́ àti ìta gbangba ni o, fọ́málìn ń fa jẹjẹrẹ.

Fi aró pupa rose bengal 0.1 g sínú lítà fọ́málìn pípò kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ní ẹran lára á pọ́n, ìkarahun òfìfo kò ní pọ́n. Ìṣáwùrú tó ti kú tipẹ́ pọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, tí o bá kà á mọ́ alààyè, iṣẹ́ ti dàrú. Yẹ ẹnu ìkarahun wò dáadáa: bí o bá rí ọmọ ẹsẹ̀ pupa tó ká jọ síbẹ̀, akàn tó yá ilé gbé ni, kì í ṣe ìṣáwùrú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ kan náà, kó o sínú ọtí ethanol 70%. Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ àkọlé, sínú ike. Ọtí á nu báírò.

Adé_Oníṣirò:
Rárá, má tíì kọ ọ́ pé omi bàjẹ́. Pípọ̀ yàtọ̀ sí oríṣiríṣi. Ká ní ẹran 100 wà, irú mẹ́rin, 25-25: H' ti Shannon, nọ́ńbà tí a fi ń wọn oríṣiríṣi, jẹ́ 1.39. Bó bá jẹ́ 97, 1, 1, 1, irú mẹ́rin náà ni, ṣùgbọ́n 0.17 ni. Ní ti pípọ̀, bí o bá rí ẹran 70 nínú grab márùn-ún tìrẹ (0.25 m²), ó jẹ́ 280 nínú m² kan.

Iyọ̀ nìkan lè fa 97 yẹn. Omi òkun ní iyọ̀ bíi gíráàmù 35 nínú kílò kan. Lásìkò òjò, omi odò á tì í sẹ́yìn. Ìwọ̀nba irú ló lè fara da lílọ-bíbọ̀ yẹn, bíi ìṣáwùrú *Tympanotonus fuscatus*, èyí tó bá sì rí i gbà á di rẹpẹtẹ. Nítorí náà, wọn iyọ̀ nísàlẹ̀ omi ní gbogbo ìgbà tí o bá bù, lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, tún lọ ní òjò. Sun ẹrẹ̀ gbígbẹ ní 550°C fún wákàtí mẹ́rin, kí o mọ ìdọ̀tí tó ń jẹrà nínú rẹ̀. Bí ibùdó méjì bá ní iyọ̀ kan náà, tí ìdọ̀tí pọ̀ ní ọ̀kan, tí *Capitella*, ekòló tó máa ń pọ̀ níbi tí ìdọ̀tí pọ̀ sí, sì gba ibẹ̀ kan, ìgbà yẹn lo lè sọ̀rọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Àkúrẹ́:
Ẹ ṣé gan-an ni. Akàn ńkọ́? Ṣé grab á mú wọn?

ỌmọMàhín:
Kò lè mú wọn dáadáa, wọ́n á ti sá. Nígbà tí omi bá fà, gbé férémù 0.5 m lọ́nà méjèèjì kalẹ̀ lórí ẹrẹ̀, ka ihò tó wà nínú rẹ̀, gbẹ́ díẹ̀ nínú wọn kí o mọ èyí tí akàn wà nínú rẹ̀. Edé àti akàn inú omi, ìgèrè tàbí àwọ̀n ni. Tábìlì ọ̀tọ̀ ni kí o kọ ọ́ sí, má rò ó mọ́ ti grab.