Èwo ni kí n kọ́kọ́ rà: ẹ̀rọ ìtẹ̀ àbí ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà?

Búrọ́ọ̀ṣì Méjì:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì kọ pátákó, ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ti yí padà. Wọ́n á gbé àmì ilé iṣẹ́ wọn wá lórí fóònù, pupa tó ń yọ́ wọ inú búlúù, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀ wá gbà á láago mẹ́rin. Búrọ́ọ̀ṣì wo ló fẹ́ ṣe ìyẹn?

Mo ti kó owó díẹ̀ jọ. Ó lè ra ẹ̀rọ kan tó ń tẹ̀ tó tún ń gé, èyí tó fẹ̀ ní 20 íǹṣì. Ó sì lè ra cutter (ẹ̀rọ tó ń gé sítíkà) 24 íǹṣì, kí n fi ìyókù wá ẹ̀rọ ìtẹ̀ àlòkù tó fẹ̀ tó 54 íǹṣì. Iṣẹ́ tó ń wọlé fún mi jù ni lẹ́tà ara ilẹ̀kùn gíláàsì, orúkọ ara ọkọ̀ àti pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n máa lo printer ọ́fíìsì ná. Ẹ bá mi dá sí i, kí n má lọ ra ohun tí màá kàn fi aṣọ bò.

Ìyá Ọ̀bẹ:
Àbúrò mi, tún ohun tí o kọ yẹn kà. Lẹ́tà ara gíláàsì, orúkọ ara ọkọ̀: àwọ̀ kan, ó pọ̀ jù, méjì. Iṣẹ́ cutter nìyẹn, kò sí yíǹkì nínú ẹ̀. Ra cutter, kí o máa gbé èyí tó bá gba títẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ńlá.

Ohun tó ṣe mí ni mò ń sọ. Mo ra ẹ̀rọ ìtẹ̀ kí n tó ní iṣẹ́ tí màá fi tẹ̀. Mo pa á, mo fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo tan án, àwọ̀ dúdú ń jáde bí òòyà tó ti káyín. Yíǹkì ti gbẹ sínú ihò orí ẹ̀rọ. Mo fi omi ìfọ̀ fọ̀ ọ́ títí, orí tuntun náà ni mo padà rà. Ẹ̀rọ eco-solvent (èyí tó ń lo yíǹkì oníkẹ́míkà tí wọ́n fi ń tẹ iṣẹ́ ìta) ò fẹ́ kí wọ́n pa òun tì. Ó fẹ́ máa tẹ nǹkan, bó ti wù kó kéré mọ. Yíǹkì funfun ló tún burú jù, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á lọ jókòó sí ìsàlẹ̀.

Printer ọ́fíìsì? Má dán an wò níta. Òjò á fọ̀ ọ́, òòrùn á pa ìyókù.

Lórí cutter, má jẹ́ kí wọ́n fi eré sísá tàn ọ́. Mọ́tò méjì ló wà tó ń yí i: servo àti stepper. Servo kì í pariwo, lẹ́tà kékeré sì máa ń dán lọ́wọ́ ẹ̀. Stepper ò wọ́n tó o, àmọ́ bí lẹ́tà bá ti kéré, igun á máa rí wọ́gọwọ̀gọ. Kí o sì rí i pé ó ní ojú tó ń ka àmì tí wọ́n tẹ̀ sí igun iṣẹ́, torí ọjọ́ tí o bá gbé sítíkà tí wọ́n ti tẹ̀ wá gé yípo.

Ilé Àwọ̀:
Ẹ̀rọ alápapọ̀ yẹn ni mo ní, mi ò kábàámọ̀, torí sítíkà kékeré ló ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n tó bá ń tẹ̀, kò lè gé. Tí o bá tún fẹ́ fi ọ̀rá lámínéètì bò ó, o máa yọ iṣẹ́ jáde, wàá fi í sílẹ̀ kí yíǹkì mí (wákàtí 24 lèmi ń fún un), wàá bò ó, wàá wá dá a padà kí ẹ̀rọ tún wá àmì igun. Ẹ̀rọ tó ń lo yíǹkì latex ò ní ìdúró yẹn, ooru inú ẹ̀rọ ló ń gbẹ ẹ́, àmọ́ ó ń jẹ iná.

Ti àlòkù: ní kí wọ́n tẹ nozzle check (ìlà àdánwò tó ń fi hàn bóyá ihò orí ẹ̀rọ dí) lójú ẹ. Má gba èyí tí wọ́n ti tẹ̀ dè ọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì Méjì:
Ẹ ṣé gan-an. Cutter ni mo rà, servo, ojú wà lára ẹ̀. Àná ni mo ba bíi mítà kan jẹ́. Mo yọ ọ̀bẹ jáde jù, ó gé sítíkà, ó gé bébà ẹ̀yìn mọ́ ọn, lẹ́tà ń já bọ́ bí ewé. Mo dín in kù, igun A ò gé tán. Mò ń hú u, ó ń ya.

Ìyá Ọ̀bẹ:
Ẹ̀rín pa mí. Kí ẹnu ọ̀bẹ yọ díẹ̀ báyìí ju sítíkà lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti force (agbára tí ẹ̀rọ fi ń ti ọ̀bẹ mọ́lẹ̀) kékeré, gé àpótí kan tí òbìrípo wà nínú ẹ̀, hú u, kí o wo bébà ẹ̀yìn. Ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ ni kí o rí, bí ìgbà tí èékánná fa ara. Bí kò bá sí ìlà, fi gíráàmù 5 tàbí 10 kún un. Tí igun bá ṣì ń yí róbótó, wo blade offset (bí ẹnu ọ̀bẹ ṣe jìnnà sí àárín rẹ̀ tó), 0.25 mm ni ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ ń lò.

Búrọ́ọ̀ṣì Méjì:
Igun A ti pàdé! Ọ̀la ni mo fẹ́ lẹ “TÌ” àti “FÀ” mọ́ ilẹ̀kùn kan. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi omi sí i, mà?

Ìyá Ọ̀bẹ:
Wọ́n omi ọṣẹ díẹ̀ sí gíláàsì, wàá lè sún lẹ́tà bí kò bá gún. Láti àárín ni kí o ti máa ti omi jáde, kí o ní sùúrù kó fà kí o tó ṣí tépù tó gbé lẹ́tà. Inú ni àbí ìta? Tó bá jẹ́ inú lo fẹ́ lẹ̀ ẹ́ sí kí ará ìta máa kà á, wàá ti yí i padà bíi ti dígí kí o tó gé.

Búrọ́ọ̀ṣì Méjì:
Inú ni, mà. Mo ti gé e tán. Mi ò yí i.