Yàtọ̀ sí 7 àti 2, káàdì wo ló tún yẹ kí n máa dà sílẹ̀ nínú póka?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà inú ayò yìí, mo kí yín o. Texas Hold'em ni èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ta, àwa mẹ́jọ nídìí tábìlì: wọ́n á pín káàdì méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣí márùn-ún fún gbogbo wa, márùn-ún tó dára jù nínú méjèèje ni wọ́n á sì kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, wọ́n pín Ace àti 4 fún mi, àmì wọn kò bára mu. Èmi ló kan láti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sì fowó sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí Ace, 9 àti 6, inú mi dùn débi pé mo ń fowó kún owó títí wọ́n fi ṣí Jack àti 2 tó gbẹ̀yìn, àfi bí ẹni tó jókòó sọ́wọ́ òsì mi ṣe tú Ace àti King sílẹ̀. Irú káàdì wo ni kí n máa sá fún?

Ìdáhùn 1
7 àti 2, tí wọ́n mọ̀ sí èyí tó burú jù láti mú, kì í jẹni lówó, torí pé ojú ẹsẹ̀ lèèyàn ń dà á sílẹ̀. Èyí tó dára lójú ló léwu. Ace méjì-méjì lẹ̀yin méjèèjì ní, King rẹ̀ ló fi borí, 4 yín kò sì tilẹ̀ wọ inú káàdì márùn-ún tí wọ́n kà fún yín. Bí ẹlòmíì bá mú Ace pẹ̀lú káàdì tó ju tiyín lọ, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin lẹ máa jẹ. Ẹ máa da King àti 9 náà sílẹ̀ nígbà tí èèyàn méje kò bá tíì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn yín.

Ìdáhùn 2
Ẹ má sì jẹ́ kí àmì kan náà tàn yín. Bí ẹ bá mú King àti 3 alámì kan náà, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní bá a mu tán ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú nǹkan bí ìgbà 118.

Ìdáhùn 3
Ṣé kì í ṣe 10 àti 2 ni Doyle Brunson, gbajúgbajà atapóka nì, fi gba World Series of Poker, ìdíje póka ńlá, ní 1976, tó tún fi gbà á ní 1977?

Ìdáhùn 1
Òun ni. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejèèjì, alátakò kan ṣoṣo ló kù, 10 sì ni káàdì tí wọ́n ṣí kẹ́yìn, tó fi ní 10 mẹ́ta pẹ̀lú 2 méjì. Mẹ́jọ lẹ̀yin wà nídìí tábìlì.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun, ó ti yé mi. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀rọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí ńkọ́?

Ìdáhùn 1
Bí gbogbo àwọn tó ṣáájú bá ti da tiwọn sílẹ̀, ẹ lè fi Ace àti 4 yẹn wọlé. Bí ẹnì kan bá ti fowó ńlá síwájú, ẹ jẹ́ kó máa lọ.