Ilẹ̀kùn Bedford bàbá mi ń rọ̀ wálẹ̀: ṣé kí wẹ́dà jó o ni àbí kí n pààrọ̀ píìnì?

Ọmọ Dẹ̀rẹ́bà (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Ẹ káàsán o ẹ̀yin tèmi. Bedford J bàbá mi ló wà lọ́wọ́ mi, igi ni wọ́n fi kan ẹ̀yìn ẹ̀ bíi ti bọ̀lẹ̀kájà ayé ọjọ́un, òun ni wọ́n fi kó obì àti kòkó títí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́, búréèkì ti ń mú, ilẹ̀kùn dẹ̀rẹ́bà ló kù tó ń dà mí láàmú. Tí n bá ṣí i, ẹ̀yìn ẹ̀ á wálẹ̀ tó ìka méjì, àfi kí n fọwọ́ méjèèjì gbé e sókè kí n tó lè tì í, ó dẹ̀ ti ha ọ̀dà dé irin. Wẹ́dà àdúgbò ní kóun fi irin há ínjìsì ẹ̀, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ ara ọkọ̀, kóun jó o, ọkàn mi ò gbà á. Ẹlòmíì ní kí n ṣáà máa fọ́n WD-40, òróró inú agolo yẹn, sí i. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́?

Pánẹ́lì Ìbàdàn
Àbúrò, máà jẹ́ kí wẹ́dà yẹn fọwọ́ kàn án! Tó bá ti jó o, ọjọ́ tó o bá fẹ́ yọ ilẹ̀kùn yẹn àfi kó o gé e. Kọ́kọ́ ṣe báyìí: ṣí i dé ìdajì, di etí ẹ̀yìn ẹ̀ mú, máa gbé e sókè sódò, kí ẹnì kan tẹjú mọ́ ínjìsì. Tó bá jẹ́ pé apá kan ń mì lára ìkejì, píìnì (irin gbọọrọ tó gba àárín ínjìsì) àti bọ́ṣì (òrùka tó yí píìnì ká nínú ihò) ló ti jẹ. Àmọ́ tó bá jẹ́ odindi ínjìsì ló ń mì lára òpó ọkọ̀ tí wọ́n dè é mọ́, bóòtù ló tú tàbí kí òpó ti dógùn-ún nínú, píìnì tuntun ò lè gba ìyẹn sílẹ̀.

Ọmọ Dẹ̀rẹ́bà
Mo ti wò ó, bùọ̀dá. Píìnì ni. Ti òkè ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ já bọ́, ti ìsàlẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Baba Chevy (Houston)
Chevrolet C10 ọdún 1979 ni tèmi, mo ti pààrọ̀ ti ilẹ̀kùn méjèèjì. Ínjìsì kan lẹ́ẹ̀kan o, má dẹ̀ tú bóòtù tó so ínjìsì mọ́ òpó, torí tó o bá tú u, ibi tí ilẹ̀kùn jókòó sí tẹ́lẹ̀ ti sọnù nìyẹn, wàá wá a títí. Gbé jáàkì sábẹ́ ilẹ̀kùn, fi pákó àti tówẹ̀lì àlòkù lé e lórí, kó kàn gba ẹrù ẹ̀ ni, kó má tì í sókè. WD-40 wúlò láti fi rẹ ẹ́ mọ́jú kí ohun tó gan lè tú, àmọ́ wọ́n ṣe é láti lé omi kúrò lára irin ni, kì í pẹ́ gbẹ, ó dẹ̀ máa ń fọ gíríìsì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Kó o tó lù ú, wo ibi tí orí píìnì wà. Tèmi ní eyín wẹ́wẹ́ lábẹ́ orí tó fi di irin mú, ìdí tí kò lórí ni wọ́n ti ń lù ú jáde, ẹni tó bá lù ú láti apá orí, ṣe ló ń kàn án wọlé sí i. Bọ́ṣì bráàsì tèmi létí bíi fìlà, etí yẹn ló máa ń wà láàárín irin méjì kí wọ́n má baà máa họ ara wọn. Má fi hámà lù ú, bráàsì rọ̀. Bóòtù gígùn, nọ́ọ̀tì àti wáṣà ni mo fi fà á wọlé, mò ń yí sípánà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó. Mo wá fi gíríìsì lítíọ́mù funfun pa á.

Pánẹ́lì Ìbàdàn
Òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ gíríìsì níta, tí ọyẹ́ bá dé, eruku pupa á lẹ̀ mọ́ ọn á di iyanrìn tó ń jẹ píìnì. Inú bọ́ṣì ni kó wà, kó o nu ti ìta kúrò. Àbúrò, má torí píìnì yìí rin ọjà Ládípọ̀ kiri, mú ti àtijọ́ lọ bá tọ́nà tó ní léèsì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin. Kó wọ̀n ọ́n níbi tí kò tíì jẹ, kó fi irin ṣáfútù ṣe òmíràn, má jẹ́ kó fún ẹ ní irin tí wọ́n fi ń da dẹ́kìn. Tí ihò ínjìsì bá ti gùn bí ẹyin, kó là á kó rí róbótó, kó ṣe bọ́ṣì tó bá a mu.

Ìyá Kétu
Ilẹ̀kùn Peugeot 404 ọkọ mi, ẹ́ńjìn ọ́ìlì ni mo ń kán sí i lóṣooṣù, ẹ̀kán méjì lókè píìnì, mo á wá ṣí i tì í bí ìgbà mẹ́wàá kó lè wọlé, kí n tó fi àkísà nù ún.

Ọmọ Dẹ̀rẹ́bà
Ẹ ṣé gan-an ni o, mo ti ṣe é. Píìnì òkè tó jáde, àárín ẹ̀ ti tín-ínrín bí ìbàdí agbọ́n, ihò ẹ̀ náà ti gùn, tọ́nà ti là á. Ní àná, ìka kan ni mo fi ti ilẹ̀kùn náà, ó dún "kọ̀", ó wọlé, kò ké, mo ṣí i mo tún tì í, màmá mi jáde wá wò ó. Ọ̀dà tó ha ni mo fẹ́ bo báyìí kó má baà dógùn-ún. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì ló kàn.