Ṣé kí n mú ọmọ mi kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́ dùùrù yìí?

Olùbéèrè, Kàbà: Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín, òkun o. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ mi ní dùùrù kì í jẹ́ kó tẹ orin kan tán. Skéèlì, ìyẹn títẹ ohùn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ni lọ́wọ́ ọ̀tún, skéèlì ni lọ́wọ́ òsì, títí oorun yóò fi máa kun ọmọ. Owó tó ń gbà kò kéré, síbẹ̀ kì í tètè dé. Èyí tó dùn mí jù ni pé lọ́jọ́ Ìkórè, nígbà tí gbogbo ìjọ ń pàtẹ́wọ́ fún ọmọ náà, ńṣe ni ọkùnrin yìí fa ojú ro, tó sì ní òun kò kọ́ ọ mọ́. Ṣé bí a ti ń ṣe sí ọmọ tó yege nìyẹn?

Atẹdùùrù kan, Mọ̀pà: Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ kò sọ ọjọ́ orí ọmọ náà, ẹ kò sì sọ irú dùùrù tó wà nílé. Kí ni olùkọ́ náà sọ pé ó bí òun nínú?

Ọmọ ẹgbẹ́, Ìsánlú: Ẹ wá olùkọ́ mìíràn. Dùùrù àtijọ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí ni èmi fi kọ́ṣẹ́, do-re-mi nìkan ni mo sì mọ̀. Kò sẹ́ni tó fi skéèlì dá mi lágara, mo sì ń tẹ dùùrù fún ìsìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Atẹdùùrù, Mọ̀pà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kíì mélòó, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, lẹ lè tẹ̀?

Ìsánlú: Èyí tí ìjọ wa ń lò tó mi.

Ọmọ ẹgbẹ́, Ìyàrà: Màmá, ẹ lọ bẹ olùkọ́ yín. A kì í torí àtẹ́wọ́ bá tíṣà jà.

Olùbéèrè: Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Kíbọ́ọ̀dù olójú 61 ló wà nílé. Olùkọ́ náà lẹ téèpù dúdú mọ́ bọ́tìnnì transpose, èyí tó ń gbé ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀ láìjẹ́ pé ìka kúrò níbi tó wà, èmi ni mo ṣí i, nítorí pé kíì C nìkan ni ọmọ náà mọ̀, orin Ìkórè sì wà ní E♭ (E flat). Ó tẹ bọ́tìnnì náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ohùn sì bá ti àwọn akọrin mu. Èmi kò rí ohun tó burú níbẹ̀.

Atẹdùùrù, Mọ̀pà: Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí, màmá. Dùùrù ńlá olójú 88, tí kò lo iná rárá, kò ní bọ́tìnnì yẹn. Funfun 52 àti dúdú 36 ni ọmọ yóò bá níwájú rẹ̀. Ní E♭, ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún ni a sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ lórí dúdú, àtàǹpàkò yóò wá gba abẹ́ rẹ̀ bọ́ sórí F tó jẹ́ funfun. Ọmọ tó ń fi bọ́tìnnì yí ohùn padà kò ní ṣe èyí láéláé, nítorí pé orí C náà ni ìka rẹ̀ wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé E♭ ni etí ń gbọ́. Ohun tí skéèlì wà fún nìyẹn.

Olùbéèrè: Alùfáà ti ní kó tún tẹ orin náà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣé kí n ní kò lè ṣe é ni?

Atẹdùùrù, Mọ̀pà: Ẹ lẹ téèpù náà padà, kí ẹ sì pe olùkọ́ yín lónìí. Kó kọ́ ọ ní ohùn òkè nìkan ní E♭, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ìlà kan lójúmọ́. Àwọn akọrin á gbé ìyókù. Ọwọ́ òsì lè dúró di oṣù tó ń bọ̀.