Ọmọ ọlọ́mọ fò lé mi lẹ́yìn ní písíìnì, mo dì í létí mú, ìyá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí. Ta ló jẹ̀bi?

Ìyá Olórúnkún (Àjàṣẹ́)

Ẹ kú ilé o gbogbo ará ibí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan, ó ti lé lọ́sẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rà mí lọ́kàn, àwọn ọmọ mi ní kí n gbàgbé ẹ̀, mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Orúnkún ló ń dùn mí. Dókítà ní kí n má rìn jù, kí n má sáré rárá, pé inú omi ni kí n ti máa ṣe eré ìdárayá torí omi á bá mi gbé ara, ẹrù ò ní pọ̀ lórí orúnkún. Ẹ sì mọ̀ pé ọ̀sà Àjàṣẹ́ kì í ṣe ibi tí ẹni ọdún 58 á bọ́ṣọ sílẹ̀ tí á kó sí. Ni mo bá wá òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Kútọnu tó ní písíìnì, ìyẹn omi tí wọ́n gbẹ́ fún ìlúwẹ̀ẹ́, 3,000 séfà ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ò sùn síbẹ̀, tó o bá ti san án o lè wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo máa ń lọ síwájú lọ sẹ́yìn nígbà 20, jẹ́jẹ́ bí ahun, mi ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọjọ́ òmìnira ilẹ̀ Benin wa, ẹnikẹ́ni ò lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wà ní vàkáǹsì. Nígbà tí mo débẹ̀, omi yẹn ò yàtọ̀ sí ìkòkò ẹ̀wà tó ń hó, orí ọmọ ló ń yọ tó ń rì. Ó yẹ kí n padà sílé, mo mọ̀, ẹ má tíì sọ ìyẹn fún mi. Ṣùgbọ́n mo ti san 3,000, mo ti gun zẹ́mì (ọ̀kadà) kí n tó wọ takisí, mi ò lè wá gbé orúnkún mi padà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo bọ́ sómi, mo fara ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ń lọ. Mo ti ṣe bí ìgbà mẹ́fà tàbí méje nígbà tí nǹkan kan já lé mi lẹ́yìn gbàà! Omi wọ mi nímú, mo gbé e mì, mo rò pé ó ti parí fún mi nìyẹn. Kí n tó rí ilẹ̀ tẹ̀, ọmọkùnrin kan bí ọmọ ọdún 9 ló ń rẹ́rìn-ín níwájú mi, ó ní "pardon, tàtá", ó ti tún ń gun òkè lọ láti fò padà. Mo di etí ẹ̀ mú. Mi ò fà á o, mo kàn dì í mú ni, mo ní ṣé wọn ò sọ fún ẹ nílé pé èèyàn kì í fò lé àgbà lórí ni?

Ìyá ẹ̀ tó ti jókòó sídìí tábìlì látàárọ̀ tó ń tẹ pọ́tábù (fóònù) ẹ̀, tí ò gbójú sókè nígbà tí ọmọ ẹ̀ fẹ́ pa mí, ó wá gbójú sókè wàyí. Faransé ló fi kò mí lójú, "tu" ló sì ń pè mí, bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ ẹ̀ ní "ìwọ". Tu! Èmi tí mo lè bí i. Ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ọmọ òun, ó ní ibi eré nibẹ̀, tí mo bá ń wá ibi tó dákẹ́ kí n lọ gbẹ́ písíìnì tèmi sí àgbàlá mi. Yorùbá sì lobìnrin yìí o, mo ti gbọ́ ọ tó ń bá ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú. Ó kàn mọ̀ pé tóun bá fi Yorùbá bú mi, òun á ṣì ní láti pè mí ní "ẹ" ni.

Ẹ sọ fún mi, ṣé mo jẹ̀bi? Tí ọmọ tí kì í ṣe tiwa bá ń ṣe báyìí nínú omi tí gbogbo wa jọ sanwó ẹ̀, kí ló yẹ kí àgbà ṣe? Àti pé ṣé kò yẹ kí wọ́n ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún àwa tí egungun ń dùn ni?

Ọmọ Wàńdò

Màmá ẹ pẹ̀lẹ́ o, orúnkún á san. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ sọ́jà Wàńdò lọ́jọ́ ọjà tó ní kẹ́nikẹ́ni má kọ lu òun, ṣé ẹ̀yin náà ò ní fi í rẹ́rìn-ín? Lọ́jọ́ òmìnira! Kódà ẹja inú ọ̀sà mọ̀ pé ọjọ́ yẹn kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi etí. Ti "tu" yẹn ṣáá, mi ò ní gbèjà ẹ̀, ìyẹn burú.

Abiyamọ Mẹ́ta

Mo mọ̀ pé wọ́n á bú mi níbí ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ẹ̀yin àgbà lẹ máa ń rò pé àwọn ọmọ nìkan ló ń bá písíìnì jẹ́. Lọ́dún tó kọjá mo kó àwọn ọmọ mi lọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan (mi ò ní dárúkọ ẹ̀), ibi omi kékeré tó yẹ káwọn ọmọ wà, omi ò ju orúnkún lọ, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ikùn wọn tó àgbá ló jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń mu bíà bí ẹni jókòó sí pálọ̀ ilé, àwọn ọmọ sì dúró lókè tí wọ́n ń wò wọ́n. Mo kí wọn, mo kúnlẹ̀ gan-an, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ibi àwọn ọmọ rèé. Wọ́n ní káwọn ọmọ wọlé wá bá àwọn, ṣé àwọn lé wọn ni? Kò pẹ́ kò jìnnà ìgò kan já bọ́, ó fọ́ létí omi. Ọmọ mi kejì tẹ̀ ẹ́, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́rin ni wọ́n fi rán ẹsẹ̀ ẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn ò pè mí láti bi mí báwo lọmọ ṣe ń ṣe.

Ká padà sórí tiyín. Ọmọ yẹn jẹ̀bi, ìyá ẹ̀ jẹ̀bi jù ú lọ, tèmi bá fò lé yín màá fúnra mi mú un wá dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n màmá, etí yẹn, kò yẹ kẹ́ ẹ dì í mú. Kì í ṣe torí pé ó yẹ ká máa kẹ́ ẹ bí ọmọ òyìnbó o. Ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ bá dì mú á fẹ́ já ara ẹ̀ gbà, tó bá já a gbà tó forí sọ símẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ á kúrò ní ti fífò, á wá di pé ta ló dì í mú. Ohùn lẹ ní, ẹ fi ohùn pè é, ẹ ní kó lọ pe ìyá ẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tún máa ń fi pọ́tábù ya fídíò nídìí písíìnì tí ọmọ ọlọ́mọ tó wọ màíyò (aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́) á wà lẹ́yìn yín, ẹ máa wẹ̀yìn wò kẹ́ ẹ tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́.

Gáàdì Písíìnì Tẹ́lẹ̀

Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ nídìí písíìnì ní Kútọnu, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi.

Àkọ́kọ́, màmá, ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹ́ ẹ fara tì yẹn ni ibi tó burú jù. Orí ògiri yẹn làwọn ọmọ ti ń fò! Ọmọ tó ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn kì í rí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ rárá, ìgbà tó bá ti wà lófuurufú ló tó rí orí yín. Lọ́jọ́ míì ẹ fi ògiri sílẹ̀ bí ìwọ̀n apá méjì, kẹ́ ẹ sì bọ́ sí apá ibi tó jìn tí kò súnmọ́ omi àwọn ọmọ. Kò ní mú gbogbo ẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n á dín kù. Fífò yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe eré, ẹni tó bá fi orí fò sínú omi tí kò jìn, ọrùn ẹ̀ lè kán, ìdí tá a fi ń fun fèrè nìyẹn, kì í ṣe pé a kórìíra ayọ̀ ọmọ.

Ìyá tó ń tẹ pọ́tábù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju ọmọ ẹ̀ lọ. Àwọn èèyàn rò pé ẹni tó ń rì á máa pariwo, á máa ju apá. Irọ́ ni. Ẹni tó ń rì ń wá èémí, kò ráyè pariwo, ẹnu ẹ̀ ń wọ omi ó ń jáde, ká tó ka ọgọ́ta ó ti lè rì lọ, ẹgbẹ́ ẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á rò pé eré ló ń ṣe. OMS, àjọ ìlera àgbáyé, ní nǹkan bí 300,000 èèyàn ló kú sómi káàkiri ayé ní 2021, bíi ìdá kan nínú mẹ́rin wọn jẹ́ ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5. Ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀, ibi tí ọwọ́ yín á ti tó o ni kẹ́ ẹ wà, kì í ṣe ibi tí ojú á ti tó o. Rọ́bà tẹ́ ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí tẹ́ ẹ fi sí i lápá yẹn, nǹkan ìṣeré ni, ó lè bọ́, ó lè jò. Mo ti fa ọmọ mẹ́ta jáde nínú omi rí, òbí gbogbo wọn ò jìnnà tó mítà mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ n wá sọ èyí tẹ́nikẹ́ni kì í fẹ́ gbọ́. Òórùn tó máa ń ta yín nímú tẹ́ ẹ máa ní "kílọ̀ọ̀rì wọn pọ̀ jù" (oògùn tá a fi ń pa kòkòrò inú omi), tí ojú á máa pọ́n, ìtọ̀ àti òógùn ló pàdé kílọ̀ọ̀rì ló di bẹ́ẹ̀. Omi tó mọ́ kì í rùn tó yẹn. Gbogbo èèyàn á sì nawọ́ sáwọn ọmọ. Ẹ gbọ́, ọkùnrin tó mu bíà mẹ́rin, tó wà nínú omi fún wákàtí mẹ́ta, tí kò dìde lọ sílé ìtọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Ká fomi ṣan ara ká tó wọlé, tàgbà tọmọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi òrí pa gbogbo ara náà, epo yẹn ń léfòó lójú omi, àwa là ń fi apẹ̀ bù ú kúrò lálẹ́, òun àti irun mẹ́ẹ̀ṣì tó já.

Ọmọ tó ń ṣu ìgbẹ́ gbuuru, ẹ má mú un wá rárá, kódà lẹ́yìn tó bá dá, ẹ fi í sílẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Kòkòrò kan wà tí kílọ̀ọ̀rì kì í tètè pa, ó lè lo ju ọjọ́ 7 lọ nínú omi tá a tọ́jú dáadáa. Ìlédìí písíìnì tẹ́ ẹ rà lówó gọbọi yẹn ò dá a dúró, ìgbẹ́ líle nìkan ló ń gbà.

Ti wákàtí àwọn àgbà, ẹ lọ bá jẹ́ráǹ, ẹni tó ń darí òtẹ́ẹ̀lì, sọ̀rọ̀. Àárọ̀ kùtù kì í sí ọmọ níbẹ̀, tí ẹ̀yin bíi márùn-ún bá pa pọ̀ lọ sọ ọ́ wọ́n á gbọ́, torí owó ni.

Bàbá Kétu

Mo ka gbogbo ẹ̀. Èmi ò gbà pé ìyá yìí jẹ̀bi. Nígbà tiwa ní Kétu, ẹni tó bá rí ọ níbi tó o ti ń ṣe ohun tí kò dáa ló ń nà ọ́, tó o bá délé tó o ròyìn, wọ́n á nà ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Òótọ́ ni pé a ò mọ písíìnì, omi tá a máa mu gan-an kànga ẹ̀ jìn tó bẹ́ẹ̀ tí okùn ń tán, ta ló ráyè lúwẹ̀ẹ́. Gbogbo "má fọwọ́ kan ọmọ mi" yìí, ṣé tọ́mọ náà bá ń rì, wọ́n á ní ká má fọwọ́ kàn án ni?

Ẹ jẹ́ n fi èyí pa yín lẹ́rìn-ín. Mo mú ọmọ ọmọ mi obìnrin lọ sí òtẹ́ẹ̀lì nígbà ìgbéyàwó kan, ó wà nínú omi, ọ̀rẹ́ mi àgbàlagbà kan wá kọjá lókè, mo ní "kí bàbá". Ọmọ mi kúnlẹ̀. Nínú omi! Orí ẹ̀ wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, bàbá náà ń wúre fún un lókè, kò mọ̀ pé ọmọ ń mu omi. Látìgbà yẹn mo ti ní kó máa tẹ orí ba nìkan.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ (Paris)

Odò Ọ̀kpàrà lèmi ti kọ́ lúwẹ̀ẹ́, ibẹ̀ kò sí òfin, ẹni tó bá fò lé ọ, ìwọ náà á fò lé e padà. Nígbà tí mo dé Faransé ni mo tó mọ̀ pé omi lè ní ọ̀nà bíi títì. Ní písíìnì ìjọba, okùn ni wọ́n ta sórí omi, ẹ máa lọ lápá ọ̀tún ẹ máa bọ̀ lápá kejì, ẹni tó yára ní tiẹ̀, ẹni tó ń falẹ̀ ní tiẹ̀, àwọn ọmọ ní omi tiwọn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, ṣòkòtò ìdajì tí mo rà ní Kútọnu ni mo wọ̀, wọ́n dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà, àfi màíyò tó fún mọ́ itan, ojú tì mí bí ẹni wọ pátá lọ sọ́jà. Òtẹ́ẹ̀lì tiyín yẹn, okùn kan péré tí wọ́n bá ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìjà á dín kù. Okùn kì í ṣe owó ńlá.

Bàbá Kétu, ẹni tó ń rì yàtọ̀ sẹ́ni tẹ́ ẹ ń bá wí jàre.

Ìyá Olórúnkún (Àjàṣẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an. Ti etí yẹn, Abiyamọ Mẹ́ta, o tọ̀nà, mi ò rò ó débi símẹ́ǹtì, mo gbà, kí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ tí ìgò gé náà ti san. Gáàdì, ẹ̀gbẹ́ ògiri tẹ́ ẹ sọ yẹn, látọjọ́ yìí ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ fún mi, dókítà gan-an ló ní kí n máa di ògiri mú! Ọmọ Wàńdò, ìwọ má dá mi lóhùn mọ́.

Mo tún lọ lánàá, agogo mẹ́jọ àárọ̀. Ta ni mo bá níbẹ̀? Ìyá àtọmọ. Obìnrin náà rí mi, ó yíjú sápá kejì, kò kí mi, èmi náà ṣe bí ẹni tí ò rí i. Mo bọ́ sí àárín omi, mo ń lọ. Ọmọ wá dúró sórí ògiri, ó káwọ́ gbera, ó ní "Tàtá, ó ku mélòó?" Yorùbá ló fi bi mí. Mo ní ogún ni mo ń ṣe, mo ti ṣe mẹ́wàá. Ó ní kí n jẹ́ kóun máa bá mi kà á. Ó jókòó, ó tẹ ẹsẹ̀ bọmi, ó ń ka mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá. Ó dákẹ́. Kò mọ èyí tó kàn. Nígbà tí mo fi máa padà dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó kígbe "ogún!"

Mo ní ogún kọ́ nìyẹn. Ó ní ogún ni, tàtá, òun ló kà á. Mo jáde fún un.