Omi rédíétọ̀ ń dín, ilẹ̀ ò sì tutù: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ọmọ Ìsánlú
Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Camry 1999 ni mò ń wà. Àárọ̀ ni mo máa ń da omi kún rédíétọ̀. Kí n tó lọ Lọ́kọ́ja bọ̀, ó ti dín. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ abẹ́ mọ́tò gbẹ táútáú. Mẹkáníìkì mi ní gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ló jó, ká tú ẹ́ńjìnnì. Ọkàn mi ò gbà á. Ta ni irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí rí?

Dírẹ́bà Mọ̀pà
Má jẹ́ kó tú u!

Ìyá Ìbejì Kàbà
Golf 3 ni tèmi. Mò ń gbóòórùn nǹkan dídùn kan nínú mọ́tò, mo rò pé àwọn ìbejì da mínírà sílẹ̀ ni. Láàárọ̀, gíláàsì iwájú á ti ṣú bí ẹni pé kùrukùru wọlé. Ọjọ́ tí ìyá ọkọ mi jókòó síwájú, etí ìró wọn rin gbingbin. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ta ló tọ̀ síbí?" Ẹ̀ẹ̀mẹta la sá káápẹ́ẹ̀tì sóòrùn. Àṣé hítà ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, tí omi rédíétọ̀ ń gba inú ẹ̀ kọjá, ló ń jò. Wọ́n so róbà méjèèjì pọ̀, omi ò gbabẹ̀ mọ́. Kí la fẹ́ fi hítà ṣe ní Kàbà?

Dírẹ́bà Mọ̀pà
"Ta ló tọ̀ síbí" 😂 Màmá yẹn pa mí.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ̀
Ọmọ Ìsánlú, ilẹ̀ gbígbẹ ò jẹ́rìí nǹkan kan. Ara ẹ́ńjìnnì tó gbóná á ti fa omi gbẹ kó tó kán sílẹ̀. Ní àárọ̀ kùtù, nígbà tó ṣì tutù (má ṣí i ní gbígbóná láé o, àpá ẹ̀ ṣì wà lápá òsì mi), ṣí rédíétọ̀, tan mọ́tò, kó o máa wò ó. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ á kọ́kọ́ jáde, ìyẹn ò burú. Tó bá ń hó ṣáá tí kò dáwọ́ dúró, gásíkẹ́ẹ̀tì ni. Fa gèéjì ọ́ìlì: tó bá rí bí ẹ̀kọ mímu, omi ti wọ ọ́ìlì, má tan án mọ́. Tí kò bá sí méjèèjì, ọ̀dọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù tó ń ti omi yí ẹ́ńjìnnì ká ni kó o lọ. Tí síìlì ẹ̀, ohun tó ń dí omi mọ́ inú ẹ̀, bá ti lọ, omi á máa yọ́ jáde lábẹ́ ẹ̀, á gbẹ di ìlà funfun.

Kò-sí-wàhálà
Gbogbo kúláńtì, omi aláwọ̀ tí wọ́n ń tà fún rédíétọ̀ yìí, ìnákúnàá ni. Omi kànga ni bàbá mi fi wa 504 títí wọ́n fi tà á.

Rìwáyà Ìyàrà
Bàbà ni rédíétọ̀ 504 bàbá ẹ, tó bá lu wọ́n á jó o. Ike àti alumíníọ̀mù ni tìẹ. Báwo lomi inú ẹ̀ ṣe rí?

Kò-sí-wàhálà
Ó pọ́n díẹ̀.

Rìwáyà Ìyàrà
Bí omi àgbàrá. Ìpẹtà nìyẹn.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀
Tiyín pọ́n lásán ni. Tèmi pupa rẹ́súrẹ́sú bíi yọ́gọ́ọ̀tì. Corolla ọtọmátíìkì. Mo fa gèéjì ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ti gíà ni n ò fà. Lọ́jọ́ kẹta, mò ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì ń ké, mọ́tò ò lọ. Àṣé inú rédíétọ̀ lọ́ìlì gíà náà ti ń lọ tutù. Páìpù ibẹ̀ ti lu, òun àtomi ti pò pọ̀. Rédíétọ̀ tuntun, gíà tòkúnbọ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ ló bá a lọ.

Ìyá Ìbejì Kàbà
Bíi yọ́gọ́ọ̀tì kẹ̀? Mò ń bọ̀, ẹ jẹ́ n lọ wo ti ọkọ mi.

Dírẹ́bà Mọ̀pà
Bàbá, ògì lẹ ì bá pè é, kì í ṣe ẹ̀kọ.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ̀
Ògì ni kó tó kan omi gbígbóná. Inú ẹ́ńjìnnì ò tutù.

Ọ̀dọ́ Ọbajànà
Èmi yọ tẹmọ́sítáàtì, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, dànù ní tèmi. Kò gbóná mọ́.

Rìwáyà Ìyàrà
Nǹkan bíi 82°C ló yẹ kó ṣí. Tìẹ ò ní í móoru tó, á máa mu epo bí ẹṣin. Orí àìsàn lo jókòó lé, o ò wò ó.

Ọ̀dọ́ Ọbajànà
Epo mi ni, àbí?

Ọmọ Ìsánlú
Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wọ abẹ́ ẹ̀. Kò hó, ọ́ìlì mọ́. Ṣùgbọ́n ìlà funfun kan ṣàn wá láti abẹ́ kọ́fà bẹ́líìtì, ó ti gbẹ. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ń ṣí bí èépá.

Bàbá Ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbẹ̀
Pọ́ǹpù wà lẹ́yìn kọ́fà yẹn. Tí wọ́n bá ti tú u débẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì pọ̀ mọ́ ọn.

Dírẹ́bà Mọ̀pà
Ògì ni o.