Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n pààrọ̀ bátìrì ni, àbí kí n ra fóònù mìíràn?

Akéwì_Òru
Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Fóònù mi fẹ́ sọ mí di oníbìínú. Android ni, ó ti ń lọ sí ọdún karùn-ún lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ ni mo máa ń yọ ọ́ lára iná ní 100%, àmọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti di 18%. Ti àná ló wá yà mí lẹ́nu jù: 31% ni mo rí lójú rẹ̀, mo ní kí n ya fọ́tò ẹyọ kan péré, ló bá kú fin-ín fin-ín. Mo fi síná, ó jí, ó ní òun ṣì ní 29%. Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú ẹ̀?

Ibi ìpamọ́ 64GB tó wà nínú rẹ̀ ti kún dẹ́múdẹ́mú. Android 12 ló dúró sí, àtúnṣe ààbò tó gbà kẹ́yìn sì jẹ́ ti oṣù Kẹta 2023. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò sán, kámẹ́rà rẹ̀ kò burú, ó sì bá ọwọ́ mi mu.

WhatsApp, áàpù báǹkì, fọ́tò àwọn ọmọ, àti ewì tí mo máa ń kọ lóru pẹ̀lú àmì ohùn, iṣẹ́ tí mo ń fi í ṣe nìyẹn. Èmi àti géèmù ò jọ rìn. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú mi: kí n pààrọ̀ bátìrì rẹ̀, kí n ra tuntun olówó ìwọ̀nba, tàbí kí n ra àlòkù lára àwọn olówó gọbọi tó jáde ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti la irú rẹ̀ kọjá, èwo lẹ̀yin ì bá ṣe?

Kò_Sí_Wàhálà
Ra tuntun, bọ̀ọ̀dá. Fóònù ọdún márùn-ún ti dàgbà kọjá kéèyàn máa náwó lé e lórí. Wá èyí tí kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ 108 megapixel, ìyẹn kóró àwòrán mílíọ̀nù 108, kí RAM rẹ̀, ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, tó 16GB, ó tán.

Alátùnṣe
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ohun tí Akéwì ròyìn yẹn, bátìrì ló ń sọ̀rọ̀.

Bátìrì lithium-ion kì í gbó lójijì. Bó ṣe ń dàgbà, iná tó lè gbà mọ́ra ń dín kù, èyí tó sì kù nínú rẹ̀ kì í lè jáde wàràwàrà mọ́. Kámẹ́rà sì rèé, òjijì ló máa ń béèrè iná púpọ̀: ojú fóònù tàn yòò, lẹ́ǹsì ń wá ibi tó máa wò, prósẹ́sọ̀ ń ṣiṣẹ́, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bátìrì arúgbó ò lè gbé e, fóltéèjì rẹ̀ já wálẹ̀, fóònù bá pa ara rẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Kò purọ́ nígbà tó ní òun ní 29%. Iná wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, kò kàn lè sáré gbé e jáde ni. Ìdí tó fi jẹ́ pé fọ́tò ló pa á nìyẹn, tí kì í ṣe WhatsApp.

Ẹ rántí ariwo ìparí 2017, nígbà tí Apple jẹ́wọ́ pé sọ́fíwíà wọn ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, kó má baà máa kú lójijì báyìí. Ẹni tó pààrọ̀ bátìrì nígbà náà, fóònù rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ọ̀pọ̀ ló ti ra mìíràn kí wọ́n tó gbọ́.

Iye ìgbà tí a ti lo iná rẹ̀ tán tí a sì tún un kún ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí bátìrì. Bí o bá lo 50% lónìí, tí o lo 50% lọ́la, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n kà á. Apple sọ pé iPhone 14 àtàwọn tó ṣáájú rẹ̀ yẹ kó ṣì ní 80% agbára lẹ́yìn 500 irú ẹ̀. Láti iPhone 15, wọ́n ní 1000. Ní Yúróòpù, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 20 oṣù Kẹfà 2025 ní kò gbọdọ̀ dín sí 800 fún fóònù tuntun tó bá wọ ọjà ibẹ̀. Ọdún márùn-ún, ojoojúmọ́. Akéwì, ìwọ náà ṣírò ẹ̀.

Jọ̀ọ́, bọ́ kéèsì rẹ̀ kúrò, kí o dojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì tó tẹ́jú. Tó bá ń yí bí òkòtó, tàbí tí ojú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń là kúrò lára férémù, má fi síná mọ́. Má fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè padà sí àyè rẹ̀. Bátìrì tó bá wú lè gbiná.

Olójú_Inú
Alátùnṣe, ẹ ṣeun, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Oṣù Kẹta 2023! Gbogbo ihò tí wọ́n ti rí nínú Android láti ìgbà náà, tí wọ́n sì ti dí lára fóònù ẹlòmíì, ṣí sílẹ̀ gbayawu lára tirẹ̀. Òótọ́ ni pé áàpù ṣì ń gba àtúnṣe tiwọn láti Play Store, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dé ìsàlẹ̀ ibi tí Android fúnra rẹ̀ wà. Ẹ ti kan òrùlé tuntun mọ́ ilé tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní kọ́kọ́rọ́. Tó bá jẹ́ ewì nìkan ló ń kọ, mi ò bá ti dákẹ́. Áàpù báǹkì tó dárúkọ ló bà mí lẹ́rù.

WhatsApp kọ́ ni yóò lé e kúrò lórí ẹ̀ o. Android tó kéré sí 5.0 ni wọ́n kọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2023, àti iPhone tí kò lè dé iOS 15.1 ní oṣù Karùn-ún 2025. Android 12 ṣì jìnnà sí ìyẹn.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè nípa fóònù ni pé ọdún mélòó ló kù tí wọn yóò fi máa fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí i. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 nígbà tó jáde ní oṣù Kẹwàá 2023, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24 ní oṣù Kìíní 2024. Kì í sì í ṣe àwọn olówó gọbọi nìkan mọ́: Galaxy A16 tó jáde lọ́dún 2024, fóònù mẹ̀kúnnù pọ́ńbélé, ọdún 6 ni wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn nìyí: ọjọ́ tí fóònù jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún, kì í ṣe ọjọ́ tí o rà á. Fóònù tí wọ́n ṣèlérí ọdún mẹ́rin fún, tó ti jókòó sórí àtẹ fún méjì, ọdún méjì lò ń rà, bí ọ̀rá rẹ̀ ò tiẹ̀ tíì ya.

Kò_Sí_Wàhálà, ọ̀rẹ́ mi, 108 megapixel kẹ̀? Galaxy S20 Ultra ní 108 lọ́dún 2020. Fọ́tò tó máa ń fún èèyàn, tí o ò bá yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀, megapixel 12 ni, torí kóró mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ló ń pa pọ̀ di ẹyọ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè tó o. Bí sẹ́ńsọ̀ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ṣe tóbi tó, bí lẹ́ǹsì ṣe dáa tó àti sọ́fíwíà tó ń ṣètò àwòrán ló jà jù. RAM 16 náà, bèèrè mélòó ló jẹ́ ojúlówó. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ 8 tí wọ́n yá 8 mọ́ ọn láti ibi ìpamọ́, ibi ìpamọ́ ò sì lè sá eré RAM láéláé.

ÌyáÌbejì
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlòkù kí Akéwì tó kówó lé e.

Mo ra ọ̀kan, ó ń dán bíi dígí. Ẹni tó tà á ṣí fídíò, ó pe èèyàn lójú mi, gbogbo ẹ̀ dùn. Mo délé, mo ní kí n nù ún mọ́, kí n pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí n bẹ̀rẹ̀ tèmi. Bí mo ṣe nù ún tán ló ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀. Ta ni yẹn? Mo pe ẹni tó tà á fún mi, nọ́ńbà ò lọ. Mo tún un pè títí ó fi rẹ̀ mí. Ọmọ mi ló wá ṣàlàyé pé láti Android 5.1, ní 2015, ni irú àgádágodo yẹn ti wà kí olè má baà rí jẹ nídìí fóònù tó jí. iPhone ti ní tiẹ̀ láti iOS 7, ní 2013. Àgádágodo náà dáa. Èmi tí mo wà níta ilẹ̀kùn ni kò dáa fún. Ó ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi dòní, mo fi ń wo gèlè.

Láti ìgbà náà, ìṣojú mi ni ẹni tó ń tà á ti ń nù ún. Kó yọ àkáǹtì rẹ̀ kúrò, kó nù ún, kí n tò ó títí fi kan ojú ewé àkọ́kọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ń tẹ *#06#, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, oníye 15, tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu. Mo ń ṣí àwòrán funfun kan gbalaja, nítorí ojú OLED, irú èyí tí kóró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀, tó bá ti pẹ́, lè ní òjìji àwọn nǹkan tó ti jó mọ́ ọn. Mo ń gba ohùn ara mi sílẹ̀, mo ń fi ṣájà kàn án. Ẹni tó bá wá ń kán mi lójú, mo ti mọ̀.

Kò_Sí_Wàhálà
Mà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Olójú_Inú, mo gba ti kámẹ́rà yẹn. Àmọ́ kí Akéwì tó náwó rárá, kó máa pa gbogbo áàpù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn. Èmi ń gbá wọn dànù ní wákàtí wákàtí, bátìrì mi sì ń pẹ́.

Alátùnṣe
Àbúrò, iṣẹ́ àṣedànù nìyẹn. Lọ́dún 2016, wọ́n bi Craig Federighi tó jẹ́ ọ̀gá sọ́fíwíà ní Apple ní ìbéèrè yìí gan-an, ó ní rárá. Hiroshi Lockheimer tó wà nídìí Android nígbà náà sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni tàwọn rí. Áàpù tí o fi sílẹ̀ ti sùn. Tí o bá pa á, tí o tún ṣí i, láti ìbẹ̀rẹ̀ ló máa kó ẹrù rẹ̀ jọ, ìyẹn sì ń jẹ iná ju kó jí lójú oorun lọ. Èyí tó bá dákú tàbí tó ń hùwà òdì nìkan ni kí o pa.

Ohun tó ń jẹ iná ni ojú fóònù. Dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù. Tó bá jẹ́ 120Hz, ìyẹn pé ojú rẹ̀ ń tún àwòrán yà nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gbé e sí 60. Tó bá jẹ́ OLED, lo abala dúdú (dark mode), nítorí ibi tó bá dúdú pátápátá lójú rẹ̀, iná ò sí níbẹ̀ rárá. Ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò bá ti dáa náà ń pa bátìrì. Fóònù á máa pariwo wá òpó tí kò gbọ́ ọ. Ìgbóná sì ni ọ̀tá tó burú jù. Ẹ yé fi fóònù tó wà lára iná sábẹ́ ìrọ̀rí, mo bẹ̀ yín.

Akéwì_Òru
Alátùnṣe, ó yí bí òkòtó! Kì í tilẹ̀ ṣe díẹ̀. Mo ti pa á, mo gbé e sórí símẹ́ńtì níta, fóònù ìyàwó mi ni mo fi ń kọ èyí. Mo rò pé bó ṣe rí láti ilé nìyẹn tẹ́lẹ̀, àfi bíi pé ó sanra.

Ẹ wò ó, kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ti àmì ohùn. Ìyàwó mi kọ "ọ̀rọ̀" lórí tiẹ̀, àmì náà fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹyẹ.

Onígègé
Tèmi nìyẹn. Má tìtorí àmì ohùn yan fóònù, torí kíbọ́ọ̀dù ló ni ín. Fi Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, sí èyíkéyìí, kí o yan Yorùbá nínú àwọn èdè rẹ̀, ẹ, ọ àti ṣ á bọ́ sí àrọ́wọ́tó.

Ti fífò yẹn, ohun tó fà á ni pé ẹ tó ní àmì lórí, "ẹ́", kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀; bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ̀". É ti ní, ẹ lásán ti ní, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì lórí ara wọn, lẹ́tà kan àti àmì kan tí fọ́ǹtì gbọ́dọ̀ tò sórí ara wọn ni. Fọ́ǹtì tó mọṣẹ́ á tò ó, alárànbarà á jẹ́ kó fò. Kí màmá lọ sí ààtò fóònù wọn, kí wọ́n dá fọ́ǹtì padà sí èyí tó bá a wá. Mo fẹ́ bá wọn tẹ́tẹ́ pé èyí tó dà bí ìkọ̀wé ọwọ́ ni wọ́n lò.

Akéwì_Òru
Òun náà ni! Ó ti dá a padà, "ọ̀rọ̀" ti jókòó.

Olójú_Inú
Má ra 64GB mọ́, 128 ni kó kéré jù. Bí o bá sì gbójú lé káàdì ìpamọ́, wò ó dáadáa kó tó di pé o sanwó. Samsung yọ ihò rẹ̀ kúrò lára àwọn Galaxy S láti S21 ní 2021, ọ̀pọ̀ ló sì ti tẹ̀ lé wọn.

Akéwì_Òru
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣé. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ra tuntun olówó ìwọ̀nba tó ṣì ní ọdún márùn-ún níwájú, 256GB. Mo ka ọdún rẹ̀ láti ọjọ́ tó jáde, bí Olójú_Inú ṣe wí. Áàpù báǹkì ti kó lọ síbẹ̀. Mo gbé àgbà lọ fún oníṣẹ́, ó gba bátìrì tuntun, mo nu gbogbo rẹ̀ mọ́, ewì nìkan ló kù fún un. Ó ń fi ọjọ́ kan àti ààbọ̀ gbé iná báyìí, ẹ ò rí i!

Ìbéèrè kan ló kù. Oníṣẹ́ kó bátìrì tó wú náà lé mi lọ́wọ́ nínú ọ̀rá, ó ní ẹrù mi ni. Níbo ni kí n fi sí?

Alátùnṣe
Kò yẹ kó fún ẹ rárá, kò mọṣẹ́ tó. Má jù ú sínú ìdọ̀tí ilé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ akólẹ̀ ti ń gbiná. Lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ orí irin méjèèjì tó ń gba iná jáde, gbé e sínú agolo tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, kí o gbé e síta jìnnà sí ohun tó lè jó. Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n ti ń gba bátìrì àtijọ́ padà, kí o gbé e lọ lọ́wọ́. Má fi ránṣẹ́. Lónìí, Akéwì, má dúró di alẹ́.